Ààlè Tí Ìyàndá Pa Sómi

Àwọn tó mọ Ìyàndá oníṣègùn lẹ́yìn ogun Ìjàyè mọ̀ ọ́n sí bàbá kan tó máa ń dúró láàárín ọ̀nà Akínyẹlé, ọ̀pá lọ́wọ́, tí kì í jẹ́ kí èrò kankan kọjá títí yóò fi yẹ gbogbo aláàárù inú wọn wò. Èèyàn ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Yóò wo ọrùn, yóò wo àtẹ́lẹsẹ̀, yóò béèrè bóyá wọ́n ti mu omi, kó tó wá yíjú sí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá yìn ín fún iṣẹ́ yìí, ojú rẹ̀ yóò le koko, yóò ní kí olúwarẹ̀ jọ̀ọ́ máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ìwòyí rò pé ìgbéraga ni. Kì í ṣe ìgbéraga rárá. Ìtìjú ni, ó sì ti pẹ́ lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti mú un.

Ọmọ àwọn tó sá wá láti ìhà Ọ̀yọ́ Ilé ni. Nígbà tí ogun lé wọn, kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìyá rẹ̀ sì ń ṣàìsàn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní ló gbé ìyá náà la pápá kọjá. Lọ́jọ́ tí ẹranko ọ̀hún wó lulẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, èrò ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé òkúta ni. Omi wà nínú kèrègbè àwọn èèyàn, kò sẹ́ni tó ta díẹ̀ sí i lẹ́nu. Ìyàndá kò gbàgbé ojú ẹranko náà mọ́ láyé. Ó dàgbà, ó kọ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, ó tẹ̀dó sí abà kan tí kò jìnnà sí Ṣáṣá, ó fẹ́ Hàjàrá, wọ́n bí Mùnírù. Hàjàrá ń kírun, òun kò kírun, wọn ò sì torí ẹ̀ jà rí.

Ká má purọ́, oògùn rẹ̀ ń jẹ́. Láti Akínyẹlé títí dé Olódò ni wọ́n ti ń wá a fún ibà, fún egbò, fún egungun tó ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹran ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó lè fi aláìsàn sílẹ̀ ní ìloro kó lọ máa fi òrí pa ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó bó. Bó bá rí ẹni tó dorí adìẹ kodò lọ́jà Ṣáṣá, tó so ó mọ́ ọ̀pá bí ìdì igi, yóò ní kí onítọ̀hún jẹ́ kí wọ́n so òun náà bẹ́ẹ̀ wò. Ó bá àwọn tó ń so ewúrẹ́ mọ́ inú oòrùn jà, ó bá àwọn tó ń kán àgbò lẹ́sẹ̀ kó má baà sá lọ jà. Wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé adìẹ tí a gbé sínú àgò kì í kú sọ́nà, ni àwọn onílàákàyè inú wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe wí. Orúkọ náà kò kúrò, àmọ́ ẹ̀sín inú rẹ̀ dín kù.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó lọ bá Baálẹ̀ Akínwándé, olórí abà wọn, àgbàlagbà tí oògùn Ìyàndá ti gbé dìde lórí ẹní àìsàn rí. Ó rọ̀ ọ́ títí ó fi fọwọ́ sí òfin kan: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti bó kò gbọdọ̀ gba abà náà kọjá pẹ̀lú ẹrù tó ju èyí tí Ìyàndá bá ní ó lè gbé lọ. Àwọn oníkán-ún tó ń bọ̀ láti Ìlọrin ráhùn, wọ́n ráhùn tì, wọ́n gbà. Láti ọjọ́ náà ni Ìyàndá ti ń rìn bí ẹni tó ti tún ayé ṣe tán. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníṣègùn?

Lẹ́yìn òfin ló kan ọpọ́n omi. Ó bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà kan wá láti Ẹgbẹ́dá, wọ́n gbẹ́ inú ìtì igi ńlá kan jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sí etí ọ̀nà, ní ìpẹ̀kun abà níhà Ṣáṣá. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pọn omi sí i kí ẹran àwọn èrò lè máa rí mu. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ odò jìnnà, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ọrùn Hàjàrá. Hàjàrá ń pọn ọ́n.

Ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo pupa kò jìnnà sí ọpọ́n náà, omi sì ni gbogbo iṣẹ́ epo. Mùsílímátù, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, ní òun kò rí ìdí tí òun yóò fi gbé ìkòkò lọ sódò nígbà tí omi wà nílẹ̀ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò tíì wá mu. Wọ́n ń bù ú. Ìyàndá sọ̀rọ̀, wọ́n ń bù ú. Ó pariwo, wọ́n dúró kó kọjá tán kí wọ́n tó bù ú. Lọ́jọ́ tí ẹran àwọn èrò kan dé tí wọ́n bá ọpọ́n gbígbẹ, tí wọ́n ń fi ahọ́n lá igi lásán, Ìyàndá kò tún pariwo mọ́. Ó lọ pa ààlè síbẹ̀.

Ààlè àgbẹ̀ lásán, ẹni tó bá láyà lè tàpá sí i. Ààlè oníṣègùn ńkọ́? Ìyàndá so akísà pupa, ìkarahun ìgbín àti ìgbálẹ̀ àlòkù pọ̀ mọ́ orí ọ̀pá, ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Ẹni tó bá rí i kò ní kí wọ́n ṣàlàyé fún òun. Ó ti mọ̀ pé bí òun bá fọwọ́ kan ohun tí ààlè ń ṣọ́, ohunkóhun tí ojú òun bá rí, àfọwọ́fà ni. Bẹ́ẹ̀ Ìyàndá kò fi oògùn kankan sí i. Òun mọ̀, Hàjàrá nìkan ló tún mọ̀, Hàjàrá náà ló sì sọ ọ̀rọ̀ sí i.

“Bàbá Mùnírù, wọ́n ń pa ààlè sí iṣu, wọ́n ń pa á sí obì. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti pa á sí omi rí. Bí òùngbẹ bá wá ń gbẹ èèyàn ńkọ́?”

Ó dá a lóhùn pé èèyàn lẹ́nu, èèyàn lè tọrọ. Ẹranko tí kò lè tọrọ ni òun ń ṣọ́ omi fún. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé ó tún un sọ lọ́jà lọ́jọ́ kejì, àwọn kan sì mi orí. Omi tí wọ́n ní kò lọ́tàá, òun ló bá a wá ọ̀tá.

Nínú ọyẹ́ ọdún tó ṣáájú ogun Ìjàyè ni Yésúfù dé, olórí ẹgbẹ́ àwọn oníkán-ún kan láti Ìlọrin. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan wà nínú èrò rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti di egbò tútù, eṣinṣin sì ti bò ó. Ìyàndá ní kí wọ́n sọ àpò kán-ún tó wà lẹ́yìn ẹranko náà kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ porongodo. Yésúfù rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, Bàbá, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyàndá nu egbò náà, ó fi òrí pa á, ó fi ewé lé e, ó ń bá ẹranko náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Nígbà tó ṣe tán, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gba ọ̀nà Olódò lọ, níbi tí ẹṣin jagunjagun kan ti ń ṣàìsàn. Kò wẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn débi pé orin ló ń kọ lọ́nà.

Ó sùn sí Olódò. Ní ọjọ́ kejì, bó ti ń wọ abà padà, Mùsílímátù ló pàdé rẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Bàbá, ẹ kú oríire o. Ààlè yín mú èèyàn.”

Ìyàndá rò pé ọ̀kan nínú àwọn elépo ló bu omi tí ẹ̀rù sì dá a dùbúlẹ̀. Mùsílímátù ní rárá, ó dára ju ìyẹn lọ. Ó ní ẹrúbìnrin kan tó ń ru ẹrù fún Yésúfù ló wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n náà lọ́sàn-án àná. Àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mu omi lójú rẹ̀, wọ́n mu àmuyó. Ètè rẹ̀ ti là, ó ń wo omi, ó ń wo ààlè, kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Yésúfù ní ọjà Ṣáṣá kò ní í dúró de àwọn, kí wọ́n fi obìnrin náà àti ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, bó bá kú, àwọn á padà wá gbé ẹrù. Wọ́n kọjá lọ. Nígbà tí àwọn elépo wá rí i nílẹ̀, wọ́n rò pé ó ti bu omi náà ni, wọ́n sì yà gba ẹ̀yìn, nítorí ta ni yóò fọwọ́ kan ẹni tí ààlè mú? Ìgbà tí Hàjàrá wá da omi ìrọ̀lẹ́ ló tó gbé e, tó sì gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mùsílímátù sọ gbogbo èyí bí ẹni ń sọ ìròyìn ìgbéyàwó, ó wá fi ẹ̀bẹ̀ tì í lẹ́yìn.

“Òùngbẹ ń pa á kú lọ, kò tó bẹ́ẹ̀ kó kan omi yín. Irú ààlè bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe ọ̀kan sí ìdí epo mi.”

Títí Ìyàndá fi délé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí i. Ẹni tó ń lọ sóko dúró kí i, ẹni tó ń gbálẹ̀ nàró kí i. Ká ní wọ́n bú u ni, ì bá rí nǹkan fọ̀. Ìyìn ni wọ́n ń kó fún un, ojú sì ń tì í bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀ lójà. Ó ń yára kí ilé lè sún mọ́ ọn, ilé náà ló sì ń bà á lẹ́rù.

Àyọ̀ká lorúkọ obìnrin náà. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní Hàjàrá, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ọrùn rẹ̀ wú. Ìyàndá mọ ohun tó ń ṣe é, ó sì mọ àgbo tí yóò gbà. Ó gbé e kaná. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Àyọ̀ká mu ún. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ Hàjàrá ta ló pa ààlè sí etí ọ̀nà yẹn. Hàjàrá kì í purọ́. Ó ní ọkọ òun ni.

Láti ìgbà náà ni Àyọ̀ká ti pa ẹnu rẹ̀ dé. Bí Ìyàndá bá gbé àgbo wá, ó yíjú sí ògiri. Bí Hàjàrá bá gbé e wá, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń mọ̀ pé ọwọ́ ọkùnrin yẹn ló sè é, ó ń yíjú sí ògiri. Ibà náà sì ń le sí i. Ìyàndá kò ní àlàyé méjì fún ara rẹ̀: bí kò bá mu àgbo, yóò kú, ààlè tí kò pa á létí ọ̀nà yóò pa á nínú ilé oníṣègùn. Hàjàrá kò sọ fún un pé “mo wí”. Ì bá sàn fún un ká ní ó sọ ọ́.

Ó jáde, ó lọ fa ààlè náà tu, ó gbé e wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó tú okùn rẹ̀ lójú Àyọ̀ká, ó tẹ́ akísà sílẹ̀, ó gbọn ìkarahun wò, ó tú ìgbálẹ̀ ká. Ó ní kó wò ó, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Òun kò fi oògùn sí i. Òun kàn fẹ́ fi dẹ́rù ba àwọn elépo ni.

Àyọ̀ká wo akísà náà, ó wo ìkarahun.

“Ṣé òfo ló wá fẹ́ pa mí báyìí, Bàbá?”

Ìyàndá, ọkùnrin tó lẹ́nu lọ́jà Ṣáṣá, tó lè fi ọ̀rọ̀ gba adìẹ lọ́wọ́ aládìẹ, ó jókòó síbẹ̀, ó ń ṣa ìgbálẹ̀ tó tú ká jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń rò ó pé ká ní oògùn tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù tó ba obìnrin yìí ì bá ní ìdí. Ojú tì í débi pé ó kó akísà náà mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ fi bora.

Àyọ̀ká mu àgbo lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ Hàjàrá ló ti mu ún. Ara rẹ̀ ń mókun, ó ń jókòó, ó ń jẹun, síbẹ̀ bí Ìyàndá bá na igbá omi sí i, yóò ní òùngbẹ kò gbẹ òun. Ni oníṣègùn bá ń se àgbo sílẹ̀, tí á wá jáde sí ìta kí aláìsàn rẹ̀ tó lè mu ún. Ní ìta náà, àwọn tó ń wá ra ààlè ti ń dúró dè é. Ó sọ fún wọn pé òfo ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn mọ bí oníṣègùn ṣe máa ń fi ohun tó dára pamọ́. Bó ti ń bú wọn ni ìgbàgbọ́ wọn ń pọ̀ sí i.

Nígbà tí Àyọ̀ká ti ń rìn ká àgbàlá, Yésúfù padà wá láti Ṣáṣá, ó ní òun wá mú èèyàn òun àti ẹrù òun. Wọ́n kó ẹjọ́ náà lọ síwájú Baálẹ̀. Inú Ìyàndá tilẹ̀ fẹ́ dùn díẹ̀, nítorí ó ti rí ẹni tí òun yóò gbé ẹ̀bi náà rù. Ó dìde, ó sọ̀rọ̀ kíkan. Ó ní kí Baálẹ̀ wo ọrùn obìnrin yìí, kó wo irú ẹrù tí ìkà ọkùnrin kan gbé lé e lórí. Àwọn èèyàn ń kùn. Yésúfù dúró kó sọ ọ́ tán, ẹ̀rín rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kalẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ lójú yín. Níbo lẹ rò pé ó lọ?”

Ìgbà náà ni Ìyàndá wá rántí. Nígbà tó ń fi òrí pa egbò ẹranko lọ́jọ́ náà, obìnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀ lórí. Ìyàndá gbọ́ tí wọ́n ní kí obìnrin náà dúró dáadáa. Ó gbọ́ tí wọ́n ń di àpò kan mọ́ òmíràn, ó gbọ́ ìmí tó jáde lẹ́nu ẹni tí wọ́n rù. Etí rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, orí rẹ̀ ni kò yí padà. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Lọ́jọ́ náà, bí ikú bá wá sí ojúde Baálẹ̀, Ìyàndá ì bá tẹ́ ẹní fún un.

Baálẹ̀ dájọ́ náà ní ṣókí. Ó sọ fún Yésúfù pé ẹni tó fi èèyàn sílẹ̀ lójú ọ̀nà kó kú ti sọ ọ́ nù, ohun tí a bá sì sọ nù tí ẹlòmíràn gbé dìde, kì í ṣe tiwa mọ́. Obìnrin náà ti di tara rẹ̀. Kí Yésúfù gbé ẹrù rẹ̀ nìkan. Yésúfù ní òun gbà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé e dé Ṣáṣá? Ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò tíì jinná, òfin sì ń bẹ. Ojú gbogbo èèyàn lọ sára Ìyàndá, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kó gbé e, wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ ohun tí yóò sọ ni. Ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó ká akísà sí òṣùká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àpò kán-ún náà.

“Ẹ gbé e rù mí,” ló wí.

Akísà pupa ti ara ààlè ló fi ṣe òṣùká náà. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ mú un ni, bóyá òun ló bá lápò, mi ò lè sọ.

Kò tíì jáde ní abà tí àwọn elépo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pé Bàbá Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọrùn rẹ̀ ń wọ inú èjìká lọ, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, kán-ún ń ta á lórí níbi tí àpò ti ya. Nígbà tó dé Ṣáṣá, àwọn aládìẹ tó ti bá jà rí i, wọ́n pe ara wọn jáde. Ọ̀kan béèrè bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó, kí wọ́n wá òrí wá. Kò dáhùn, kò sì yára kọjá, nítorí ó gbà pé ẹ̀sín náà tọ́ sí òun. Ohun tó ń pa á lára kì í ṣe ẹnu wọn. Láti ìgbà tí òfin rẹ̀ ti wà, ó ti sọ ẹrù ọ̀pọ̀lọpọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kalẹ̀, ó mọ ẹranko kọ̀ọ̀kan nínú wọn, ó mọ èyí tí etí rẹ̀ gé àti èyí tó ń tiro. Àwọn èèyàn tí ẹrù náà lọ sí orí wọn, kò mọ ojú ẹnì kan nínú wọn. Nígbà tó sọ àpò náà kalẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, àwọn tó ń wò ó sì rò pé ọrùn ló ń dùn ún.

Ó padà délé nírọ̀lẹ́, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gidigidi. Hàjàrá àti Àyọ̀ká wà ní ìdí ọpọ́n, wọ́n ń da omi sí i. Ihò tí ọ̀pá ààlè ti wà tẹ́lẹ̀ ṣì hàn nílẹ̀. Ìyàndá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láìdúró, ṣùgbọ́n Àyọ̀ká bu omi sínú igbá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

“Ẹ mu omi, Bàbá. Kò sí ààlè níbẹ̀ mọ́.”

Bóyá àánú ló fi sọ ọ́, bóyá ẹ̀gàn ni, Ìyàndá kò bi í léèrè títí ó fi kú. Ó gba igbá náà. Kò lè gbójú sókè wo ẹni tó fún un, ó mu ún níbi tó dúró sí, ó sì ń kánjú gbé e mì tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì omi náà fi dà sí i láyà.